Bí Mo Ṣe Di Alárinà Iṣu Nínú Igbó Àìlẹ́sẹ̀

Ẹ fún mọ́ra díẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí ibi jókòó, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ ní ìdúró. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Akínlàbí, ará Òkè-Ìdàró. Ẹfọ̀n ti rí mi rí, ó yà kúrò lọ́nà. Ẹkùn ti gbọ́ ikọ́ mi, ó rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Bí mo bá ń fọ́nnu, ẹ fi mí sílẹ̀. Ọdẹ tí kò bá yin ara rẹ̀, ẹran tó ti pa kò ní jí dìde wá yìn ín. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn yìí, n kò pa ẹran kankan níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí kò kún orí èékánná ni mo gbé bọ̀ wálé, síbẹ̀ n kò tí ì gbé ẹrù tó wúwo tó o rí láyé mi.

Iṣu ló sọ Òkè-Ìdàró di ìlú. Iṣu funfun kan ṣoṣo ni a ní, a kì í gbin òmíràn mọ́ ọn. Ẹni tó tẹ ìlú dó ló gbé e wá láti inú igbó, ó gé e ní èbù, ó gbìn ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ gé tiwọn lára rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ náà gé tiwọn, títí ó fi kàn wá. A sì ní àṣà kan tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí iṣu bá ti gun ọ̀pá tán tó fẹ́ tanná, tọkùnrin tobìnrin á jáde lọ sóko láti já òdòdó rẹ̀ dànù. Àwọn àgbà ní iṣu tó bá ń ṣe ọ̀ṣọ́ lókè kò ní ráyè sanra nísàlẹ̀. Orin ni a máa ń kọ bí a ti ń já a. Oko olórí àgbẹ̀ ni à ń já kẹ́yìn, kí ó lè rí i pé iṣẹ́ ti parí níbi gbogbo kí ó tó kan tirẹ̀.

Àrùn wá dé. Ewé iṣu dúdú ní oko kan, a ní bóyá oòrùn ni. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo oko ti rí bákan náà. A wa ebè, omi rírà ni a bá níbẹ̀. Ọdún kejì tún rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba èbù tí a ṣà jọ ni a tún rí gbìn. Olórí àgbẹ̀ wa, Lágbàyí, pe ìpàdé, ó ní bí èyí tó wà nílẹ̀ yìí bá tún rà, kí olúkúlùkù wá ibi tí yóò forí lé, kí ìlú tú ká. Ìyá mi, Àdùfẹ́, kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ní òun sin ọmọ sẹ́yìn ilé yẹn, òun sin ọkọ sí iyàrá, òun kò sì rí ẹni tí òun máa fi wọ́n tì. Kí àwọn tó ní ẹsẹ̀ máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún un. Bí ìlú bá tú, yálà kí n fi í sílẹ̀ kí ebi pa á, tàbí kí n jókòó tì í kí ebi pa àwa méjèèjì.

Òun náà ló rán mi níṣẹ́. Ó ní, “Bí ọmọ àgbàtọ́ bá ń ṣàìsàn, ìyá tó bí i là ń lọ bi. Inú Igbó Àìlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti gbé iṣu wá. Lọ bi ẹni tó ni í ohun tó ń ṣe é.” N kò ní fi oúnjẹ tí mo dì àti odò tí mo là dá yín lágara. Mo mú ìbọn, mo mú àdá, mo fi ìwo ìgalà kan há ìbàdí, mo lọ. Igbó Àìlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rìn nínú wọn. Ibi tí olúkúlùkù bá hù sí, ibẹ̀ ni yóò gbé títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé.

Ìlú Ojúkan ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọkùnrin gíga kan tó wọ agbádá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí mi pé ẹ kú ìrìn, mo dáhùn. Mo ṣí ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹlòmíràn tún kí mi: ohùn kan náà, ojú kan náà, àmì dúdú kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Mo rò pé òùngbẹ ló ń ṣe mí ní ṣìbáṣìbo. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àwọn tí mo kọjá lọ́nà. Ó ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n; òun náà ni òun kí mi lẹ́ẹ̀kíní, òun náà ni òun kí mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní nígbà tí òun bá ti gbó, òun á yọ láti ìdí ara òun, òun á sì tún máa bá ayé lọ. Mo bi wọ́n pé ta ni bàbá wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ewé wọn fi ń fà ya, wọ́n ní kí ni wọ́n ń pè ní bàbá, ṣé ó ṣeé jẹ ni.

Ìyá Àbámọ̀dá ni olórí wọn, obìnrin arúgbó tí ara rẹ̀ tutù tó sì nípọn bí ewé tó mumi yó. Aṣọ ewé ló ró mọ́ra, etí aṣọ náà yíká ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó sí. Wọ́n ti yọ gbòǹgbò kí wọ́n tó kúrò lára ìyá wọn, olúkúlùkù sì gbé ojú ìyá rẹ̀ wọ̀. Bí ọ̀kan bá tó, á ré bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ á gbà á, ó di ìyá nìyẹn. Mo ti wà níbi tí àwọn ìyàwó ti ń rọbí, mo ti gbọ́ igbe wọn láti ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí mo rí obìnrin yìí tó ń bímọ bí ẹni ń gbọn ìrì lára aṣọ, mo ṣí fìlà fún un. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó ní kí n jókòó.

Ó ní, “Ọmọ mi, wàhálà yín ti pọ̀ jù. Ẹ ó wá ọkọ, ẹ ó wá ìyàwó, ẹ ó ṣe ìdána, ẹ ó bímọ tán, ọmọ náà kò ní jọ yín. Ohun tó dára lára mi kò sọnù rí. Iṣu yín pàápàá, ẹni wa ni. Ṣé o rò pé ọmọ iṣu tí baba ńlá rẹ jẹ ni ìwọ náà ń jẹ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

“Kì í ṣe ọmọ rẹ̀, òun gan-an ni. Ẹ ń gé e, ó ń hù, ẹ tún ń gé e. Kò tí ì kú láti ọjọ́ tí ìlú yín ti wà.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn mú orí mi wú. Òkú tí n kò rí rí, tí oríkì rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, iṣu tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní náà ló wà lẹ́nu mi. Adùn kan náà, òkèlè kan náà. Ta ló tún lè pa nǹkan mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí mo ti ń ronú èyí ni mo ti rí i pé gbòǹgbò ti wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ìyá Àbámọ̀dá ní ọdẹ rere ni mí, kò yẹ kí irú mi tán láyé. Ó ní kí wọ́n gé mi ní èbù: orí á hù, èjìká á hù, itan méjèèjì náà á hù, igbó á sì kún fún Ọdẹ́jìnmí. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni fi ẹran bọ àlejò lẹ́nu. Àwọn agbádá ewé ti ń na ọwọ́ sí àdá mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbọn kì í yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Tí mo bá yìnbọn pa ọ̀kan, ta ni mo pa, nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ ẹnì kan? Mo rántí làpálàpá tó wà lọ́rùn mi, mo sì fa aṣọ mi sílẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ ṣeun fún ìfẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn mi kí ẹ tó gé mi. Bí ẹ bá gbìn mí, èbù kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé èyí hù. Lára mi, èmi nìkan ló ń yún. Nílùú tí gbogbo yín jẹ́ ara kan, ta ni kò ní máa họra?”

Gbòǹgbò tú kúrò lẹ́sẹ̀ mi kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ìyá Àbámọ̀dá kó etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìlú mìíràn ti wà lápá ìsàlẹ̀ odò rí, tó rí bíi tiwọn. Àìsàn kan wọlé tọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, ó kọ́ ojú rẹ̀, bí ó sì ti kọ́ ojú ẹnì kan, ó ti mọ gbogbo ìlú. Kò sí ẹni tó ṣẹ́kù tí ì bá sin òkú. Ó ní ohun tó ń pa iṣu wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ju àwọn lọ. Kí n kọjá odò, kí n lọ bá àwọn tó ń gbéyàwó.

Mo ti rí ìyàwó tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀ṣọ́ bí èyí tí mo rí lápá kejì odò. Àwọn ará ibẹ̀ náà kò lẹ́sẹ̀. Ọkọ lè wà lórí òkè kí ìyàwó wà ní àfonífojì, kí wọ́n má fojú kan ara wọn títí ayé, síbẹ̀ wọ́n ń bímọ. Alárinà tó ní ìyẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀. Ọkùnrin á di àtíkè rẹ̀, àtíkè tó kúnná ju èyí tí obìnrin ń fi pa ojú lọ, alárinà á gbé e lọ fún obìnrin, inú òdòdó á sì lóyún. Ẹni tó fẹ́ràn labalábá á wọ aṣọ pupa. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ àdán kò ní da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú àwọ̀, òórùn dídùn ni yóò tú sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Àgbàdo kò tilẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó da àtíkè rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ láti òkè orí rẹ̀, ó sì ta irun rẹ̀ sílẹ̀ lágbedeméjì láti fi gbà á. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní eyín àgbàdo tirẹ̀ tó ń dúró dè é. Bí ẹ bá sun àgbàdo tí ẹ rí ibi tí eyín kò sí, ẹ má bú ẹni tó tà á fún yín. Irun kan ló dúró títí tí ọkọ kò dé. Mo rí ìbẹ́pẹ pẹ̀lú, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbé àdá sí akọ ìbẹ́pẹ pé kò so.

Oyin ni àgbà alárinà ìlú náà. Ó yí orí mi ká, ó ní n kò ní àtíkè, n kò ní omi dídùn, òórùn mi sì dà bíi ti òbúkọ. Ta ni mo rò pé ó máa fẹ́ mi? Mo ní kì í ṣe ìyàwó ni mo bá wá, iṣu ìlú wa ló ń kú. Ó dá yẹ̀yẹ́ náà dúró, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ Àgbà-Ìtàkùn, baba gbogbo iṣu. Ó ti wé mọ́ ìrókò kan títí dé ṣónṣó, ojú arúgbó yọ láàrin ewé rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kìkì òdòdó wẹ́wẹ́ tó ń ṣọ̀ sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní òun kì í dá ẹni tí kò lè ronú lóhùn, nítorí àwọn tó ní ẹsẹ̀ kì í sábà lo orí. Ó ní kí n sọ ẹni tó ń bá àwọn tí kò lẹ́sẹ̀ pọn ọmọ lọ sọ́nà jíjìn, tí kò gba nǹkan kan, tí kò sì mọ̀ pé òun pọn ọmọ.

Mo dáhùn kíákíá pé ẹyẹ ni, nítorí ó ń jẹ èso níbí, ó sì ń lọ yà á sí ibòmíràn. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan. Mo ní ọ̀bọ, mo ní òkété, mo ní odò, mo ní afẹ́fẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbà, síbẹ̀ ó ń sọ pé ó ku ẹnì kan. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, ó ní kí n wo ṣòkòtò mi. Mo wolẹ̀: èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ mi láti itan dé kókósẹ̀. Oyin ní ọdẹ tí ẹkùn ń sá fún, ọmọ ọlọ́mọ ló ń pọ̀n kiri láti àárọ̀. Gbogbo òdòdó àfonífojì yẹn ló rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà sì bá wọn rín in.

Àgbà-Ìtàkùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọbìnrin kan wà nílùú kan. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì kú. Lọ́dọọdún ó ń ṣe ọ̀ṣọ́ láti fi pe alárinà, lọ́dọọdún àwọn tó ń jẹun lára rẹ̀ ń já ọ̀ṣọ́ náà dànù. Ta ni ọmọbìnrin náà, ta sì ni ọ̀tá rẹ̀?”

Mo gbọ́ orin tí a máa ń kọ lóko létí mi, mo rí ọwọ́ ìyá mi, mo rí ọwọ́ ara mi. Mo ní, “Iṣu wa ni, Baba. Àwa ni ọ̀tá náà, ṣùgbọ́n a rò pé ìkẹ́ ni à ń kẹ́ ẹ.”

“Ẹ kẹ́ ẹ lóòótọ́,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ẹ jẹ́ kó ní, àrùn sì ti mọ ojú náà. Bí ó bá lọ́kọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ọ́, wọn kò sì ní jọ ara wọn. Òmíràn á tínínrín. Òmíràn á korò. Òmíràn ni àrùn máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní mọ ẹnu ọ̀nà.” Ó ní ọkọ wà, nínú àwọn ìtàkùn tó wà lápá ọ̀tún òun, ṣùgbọ́n òun kò ní fi àtíkè rẹ̀ rán mi àfi bí mo bá lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a ó máa fi ọmọ òun sílẹ̀ kó ṣe ọ̀ṣọ́. Mo jẹ́ ẹ. Oyin kọ́ mi bí mo ṣe máa gbọn òdòdó náà sínú ìwo ìgalà. Àgbà-Ìtàkùn ní kí n má jẹ́ kí òjò pa á, kí n má jẹ́ kí oòrùn yan án, kí n má sì pẹ́ lọ́nà, nítorí ẹ̀mí àtíkè kò gùn.

Mo sáré. Ibi tí ọ̀nà ti há láàrin àpáta méjì ni Wèrèpè ti dí i, ó tẹ́ èèpo onírun rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní. Ó ní, “Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń pọn ọmọ àwọn aládùúgbò mi. Èmi nìkan ni ẹ ń sá fún.” Ohùn rẹ̀ ṣeni láàánú. Mo ní ta ni kì í sá fún ẹni tó ń fi yíyún kí àlejò. Ó ní kí n gbé kóró òun kan lọ sí ibi tó jìnnà, òun á sì ká irun òun kúrò. Mo gbà, mo ki kóró náà bọ àpò. Ó ká a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìran Wèrèpè kò lè ká a tán. Mo gbé ìwo sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo gba àárín wọn kọjá, ara mi sì gbaná. N kò lè họra, kí àtíkè má baà dànù. Ẹni tí kò bá tí ì sáré nínú oòrùn pẹ̀lú wèrèpè ní ìgbáròkó, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tí wọ́n mú, kó má sọ fún mi pé òun mọ sùúrù. Ní ti kóró yẹn, mo mú ìlérí mi ṣẹ. Ẹ má bi mí ibi tí mo jù ú sí. Ẹni tí ara bá ń yún yóò mọ̀.

Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ti yọ sí ìlú. Wọ́n ti ń já òdòdó. Àwọn ebè díẹ̀ tí ewé wọn ṣì tutù wà káàkiri, òkìtì òdòdó sì ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti ń rọ. Oko Lágbàyí ló kù. Mo dé ibẹ̀ bí ó ti na ọwọ́ sí ìtàkùn àkọ́kọ́, mo sì dúró síwájú rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, o lọ sígbó, o kò pa ẹran. Òdòdó lo wá ń ṣọ́?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ròyìn ohun tí ojú mi rí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wà láàrin wọn, kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé bí mo bá ń rojọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àtíkè á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá bi olórí àgbẹ̀ léèrè.

“Bàbá, níbo ni ẹ ti fẹ́ ìyàwó yín?”

“Ìlọ́yìn ni. Ta ni kò mọ̀?”

“Àwọn ọmọbìnrin kò ha wà ní agbolé yín nígbà náà?”

Ó fajú ro. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ènìyàn ń fẹ́ ẹbí rẹ̀ ni?”

“Láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú yìí dó,” ni mo wí, “iṣu yìí kò rí àlejò kan rí. Bí ó bá sì ti múra láti lọ sóde, àwa la máa ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀.”

Lágbàyí wo òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pẹ́ tí ó ń wò ó, bí ẹni pé kò rí òdòdó iṣu rí, ó sì sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn tó ń kọrin sinmi. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi mú àtíkè náà, mo ń fi kan òdòdó kọ̀ọ̀kan, Lágbàyí sì ń di ìtàkùn mú fún mi kó má baà mì. Nígbà tó ṣe, òdòdó rọ, nǹkan kan yọ sípò rẹ̀ tí ẹnì kankan kò rí rí ní Òkè-Ìdàró: èso tó ní ìyẹ́ mẹ́ta, kóró pẹlẹbẹ nínú rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ èsúnsún, tí èémí lásán lè gbé lọ. Àrùn pa ìtàkùn náà lẹ́yìn èyí. Ó kú, ìyẹn tó ti wà láti ọjọ́ ìtẹ̀dó, ṣùgbọ́n ó ti bímọ kó tó lọ.

Ìlú kò tú ká lójú kan náà. Lágbàyí ní kí a jẹ kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a gbin kóró náà, kí a wo ohun tó máa ṣe. Ọdún àkọ́kọ́, iṣu tó ta kò ju ìka ọwọ́ lọ, àwọn kan di ẹrù wọn wọ́n sì lọ. N kò dá wọn lẹ́bi. A tún gbin àwọn ìka náà. Ọdún kejì, àrùn padà wá bó ti máa ń wá. Ó wọ ebè kan, ó pa á. Ó kan ilẹ̀kùn ebè kejì, ojú mìíràn ló bá níbẹ̀, ó kọjá. A wà á: èyí gùn, èyí rí roboto, èyí ní ẹ̀gún ní gbòǹgbò, èyí korò bí ewúro, a dà á nù. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lóko, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí itan, ó ń tú iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára wọn, ó sì ń sọ irú ènìyàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Èyí tó dára jù lọ ni a gé ní èbù gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ṣe, nítorí n kò rí ohun tó burú nínú ọgbọ́n Ìyá Àbámọ̀dá. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún a ń fi ìlà kan sílẹ̀ kó ṣe ọ̀ṣọ́, kí alárinà tó bá fẹ́ wá kó wá.

Ìyá mi kò kó ẹrù rẹ̀ lọ síbì kankan. Ilé náà ló gbó sí, ilé náà ló kú sí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni mo sì tẹ́ ẹ sí. Iṣu tí a gún fún àwọn tó wá bá mi sin ín funfun, ó sì fà. Gbogbo wọn ló yìn ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ìyá mi, irú iṣu náà kò tí ì sí láyé.